Ògbùfọ̀ Ọkọ Mi

Ọjọ́ Ajé, 2 Júùnù

Inú báàgì ilé ìwé ọkọ mi, Bàbá Bùnmi, ni mo ti mú ìwé yìí. Ojú ewé mẹ́rin péré ló ti lò nínú rẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì tó kọ́ kẹ́yìn kó tó fẹ̀yìn tì ló wà níbẹ̀. Mo fi hàn án pé mo fẹ́ lò ó, kò bínú. Tàbí ó bínú, n kò mọ̀.

Bàbá Ìpókíá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lọ láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò lọ́dọ̀ wa ní Òkòkò. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n pè mí sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní, "Ìyàwó, mo rí gbogbo wàhálà rẹ. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan ò gbọ́. Lánàá ó sọ̀rọ̀ títí ó fi sunkún, ìwọ ń gbé omi fún un, ó ń ti omi náà dànù. Ṣé bí yóò ṣe máa wà nìyí?"

Mo ní wọ́n sọ nílé ìwòsàn pé yóò bọ̀ sípò. Wọ́n ní, "Ìgbà wo?"

Wọ́n ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn yóò padà wá pẹ̀lú ọkọ̀. Tí mo bá lè gbọ́ ohun tí ọkọ mi ń fẹ́ nígbà náà, kó dúró. Tí n kò bá lè gbọ́, àwọn yóò gbé e lọ sí Ìpókíá. Ìyàwó ọmọ wọn kan jẹ́ tíṣà níbẹ̀, òun á máa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. N kò bá wọn jiyàn, òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ìṣẹ́gun, 3 Júùnù

Òjò láti ìdájí. Aṣọ ibùsùn kò gbẹ.

Ọkùnrin yìí ni kò gbà kí a sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí Bùnmi bá gbé e dé láti ilé ìwé, á ní, "Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń bá jà láti àárọ̀, ibí ni mo ti ń sinmi." Òun náà ni rọpárọsẹ̀ kọlù lópin oṣù kẹrin, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Èmi, ìwé mẹ́rin ni mo kà dé. Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní kò ju ti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ lọ: "how much", "no change", "come Friday". Bí oníbàárà Ìgbò tàbí Ègùn bá wọlé, tépù tí mo fi ń wọn aṣọ ló ń parí ọ̀rọ̀ tó kù.

Èyí tó ń sọ jù ni "sit down". Ìyẹn mo mọ̀ ọ́n, jókòó ni. Ṣùgbọ́n ó ti wà lórí àga. Mo gbé e dìde, mo tún gbé e jókòó, mo fi ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, ó tún ní "sit down". Ó ń bínú sí mi. Ìyá tó ń gbé yàrá kejì ní kí n má dá a lóhùn, pé orí rẹ̀ ló dàrú.

Ọjọ́rú, 4 Júùnù

Faridah wá. Òun ni nọ́ọ̀sì tó ń wá na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá Ìpókíá fún un. Ó ní, "Màmá, bàbá ń gbọ́ Yorùbá tí ẹ ń sọ dáadáa. Wọn ò kàn rí i sọ jáde ni. Tí ẹ bá fi Yorùbá bi wọ́n, wọ́n á máa wá ọ̀rọ̀ títí á fi sú wọn. Ẹ fi English bi wọ́n, ẹ ó rí i pé á yá."

Ó ní kí n má gbára lé orí tó ń mì. Nígbà mìíràn á mi orí sí bẹ́ẹ̀ ni, rárá ló fẹ́ wí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí n máa dúró dè.

Ó wá ní kí n máa bi í láràárọ̀ pé, "What is your name?" Mo wo ojú Faridah. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìn mí wọ ilé ọkùnrin yìí, n kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ṣé kí n wá máa bi í ní orúkọ bí ọlọ́pàá?

Ọjọ́bọ̀, 5 Júùnù

Mo bi í. Ojú tì mí. Kò dáhùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Júùnù

Mo rò ó di àárọ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú kò ju "you" yẹn lọ. Ọ̀kan náà ni wọ́n ń lò fún ọkọ, fún ọmọ, fún ajá. Àwọn Òyìnbó kò ní "ẹ" rárá. Mo bá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga kí n tó sọ ọ́, kí ìkúnlẹ̀ bá mi ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kò lè ṣe. "What is your name?"

Ó wò mí láti òkè. Igun ẹnu rẹ̀ kan, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, gbé sókè díẹ̀. Ó ní, "Teacher." Orúkọ kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. Oṣù kan ààbọ̀ rèé tí mo ti rí ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Àbámẹ́ta, 7 Júùnù

Mo lọ bá Timothy ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Ìyànà-Ìbá. Òun ni ògbùfọ̀ ìjọ wa, èmi ni mo ń rán sùtánà fún òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì kún ibẹ̀ fọ́fọ́, olúkúlùkù ní ìwé tó fẹ́ tẹ̀. Mo dúró wákàtí kan.

Ó bá mi kọ ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ sínú ìwé yìí, ó sì kọ Yorùbá rẹ̀ síwájú. Irora, ìrọ̀rí, òùngbẹ, ó gbóná, ó tó, fi mí sílẹ̀. Ó ní kí n mọ èyí kí n tó padà wá. Mo bi í pé ọ̀rọ̀ mélòó ni èèyàn ń lò nínú ilé gan-an. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ná."

Ọjọ́ Ajé, 9 Júùnù

Ó ti ń máàkì mi. Mo ń ka ọ̀rọ̀ Timothy sókè nídìí ẹ̀rọ, ó ń fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí báàgì rẹ̀. Mo tú báàgì, bírò pupa ló fẹ́. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ní kí n ka ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Correct." "Not correct." "Not correct." Lẹ́yìn náà ó kọ méjì lórí mẹ́wàá sí ìsàlẹ̀. Ìwé náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n méjì ni, kò ṣe é purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé méje ni.

Inú bí mi. Èmi tí mo fọ aṣọ ìbora mẹ́ta láàárọ̀ yìí. Pámpásì àgbà ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án.

Àbámẹ́ta, 14 Júùnù

Mo lọ sí Àlàbá láti ra agogo tí yóò máa tẹ̀ bó bá ń fẹ́ mi. Láti inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń tún gbólóhùn náà sọ: "Good morning. I want to buy a bell." Mo wọ ṣọ́ọ̀bù ọmọ Ìgbò kan, mo dúró ṣánṣán, mo sọ ọ́ láìkọsẹ̀.

Ó ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Èyí tó ń lo bátìrì àbí èyí tí wọ́n ń fi iná sí?"

Yorùbá rẹ̀ já gaara ju ti èmi lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí n parí èyí tí mo kọ́. Mo ra ti bátìrì.

Nígbà tí mo délé mo rò ó fún Bàbá Bùnmi. Ó rẹ́rìn-ín títí itọ́ fi dà sí i láyà. Ó wá ní "sit down" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo tún gbé e jókòó.

Ọjọ́rú, 18 Júùnù

Ó tẹ agogo. Ó ní, "The fan. Too much." Mo lọ dín fáànù kù. Ó ní, "Thank you."

Nǹkan méjì yẹn ṣẹlẹ̀ láìsí ẹkún. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má bàa gbàgbé pé ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wà.

Ọjọ́ Ajé, 23 Júùnù

Èyí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kọ sínú ìwé.

Láti aago mẹ́ta òru ni òjò ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Mo gbọ́n omi, mo gbé ẹ̀rọ sórí tábìlì, mo gbé òun láti orí bẹ́ẹ̀dì sí orí àga, ẹ̀yìn mi ké. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò mọ̀. Mo bi í, ó tún un sọ. Mo ṣí ìwé, kò sí níbẹ̀. Ó ń pariwo, mo ń ṣí ìwé. Nígbà tó yá mo ju ìwé náà mọ́ ògiri, mo ní, "Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí lẹ fi ń jẹ mí níyà?" Ó yíjú sí ibòmíràn.

Ìtọ̀ ló ti ń gbọ̀n ọ́n. Mo rí i nígbà tó pẹ́.

Lónìí mo fẹ́ kí wọ́n wá gbé e lọ. Mo fẹ́ sùn títí di ọ̀sán. Mo fẹ́ rán sùtánà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdìde. Ọlọ́run dárí jì mí, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

Ìṣẹ́gun, 24 Júùnù

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "I am sorry." Ó ní, "Correct."

Ọjọ́ Àìkú, 29 Júùnù

Ìyá yàrá kejì bá mi jókòó tì í, mo ráàyè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Oníwàásù àlejò kan wá láti Abuja, kò gbọ́ Yorùbá. Timothy dúró tì í, ó ń túmọ̀. Etí mi ti ń là díẹ̀díẹ̀. Mo gbọ́ tí oníwàásù ní "lazy". Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé mi: ọ̀lẹ. Ó nawọ́ sí wa bó ṣe ń sọ ọ́. Timothy gbóhùn sókè, ó ní, "Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ní kí a túbọ̀ tẹra mọ́ṣẹ́." Gbogbo ìjọ ṣe àmín.

Lẹ́yìn ìsìn mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Timothy, ọ̀lẹ ni ọkùnrin yẹn pè wá." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Hàn-ín, Màmá, ẹ ti ń gbọ́ nìyẹn."

"Irọ́ lo pa fún ìjọ."

"Irọ́ kọ́, Màmá. Ọ̀rọ̀ dà bí ẹrù, èmi ni mo ń gbé e. Tó bá wúwo ju èyí tí àwọn èèyàn lè gbà lọ, mo máa ń sọ díẹ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà. Tí mo bá gbé gbogbo rẹ̀ fún wọn, ìjà ni, wọn ò ní gbọ́ ìwàásù mọ́."

N kò fara mọ́ ọn. Mo rò ó fún Bàbá Bùnmi nígbà tí mo délé. Ó mi orí gidi, ó ní, "Not correct." Tíṣà ni, kò lè wí òmíràn.

Ọjọ́bọ̀, 3 Júláì

Òjò ìrọ̀lẹ́, kò sí iná. Mo jókòó nídìí ẹ̀rọ, mo ń fi ọwọ́ ṣẹ́ etí aṣọ. Ó ń wò mí. Ó ní, "Blue."

Mo wo àyíká, n kò rí ohun aláwọ̀ búlúù kankan. Funfun ni mo ń rán.

Ó ní, "Blue buba. You. Oto. My trousers." Ó mí kanlẹ̀. "You laugh."

Mo gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Ní Ọ̀tọ̀-Àwórì ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí mi, ó gbé ṣòkòtò tó ya nídìí wá fún ọ̀gá mi. Mo rẹ́rìn-ín sí i, ọ̀gá mi sì bá mi wí. N kò rántí ohun tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Òun rántí. Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá rí, ó wá fi àjókù Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ fún mi nínú òkùnkùn. Mo sunkún, inú mi sì dùn.

Ọjọ́rú, 9 Júláì

Mẹ́fà lórí mẹ́wàá. Kò fún ẹnikẹ́ni ju mẹ́fà lọ rí, Bùnmi gan-an lè jẹ́rìí sí i. Faridah ní kí n fi ìwé náà sínú férémù. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù.

Àbámẹ́ta, 12 Júláì

Ó ń sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ bí ìdajì. Èyí tí n kò gbọ́, mo ń bi í, "Again, please." Kì í bínú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Èmi ni ara mi kò gbé e mọ́. Mo sùn lọ nídìí ẹ̀rọ lónìí, abẹ́rẹ́ gún mi. Nígbà tí mo lajú ó ń wò mí, ó sì ti ń wò mí tipẹ́.

Ìṣẹ́gun, 15 Júláì

Bàbá Ìpókíá pè: àwọn ń bọ̀ ní Sátidé, bí a ti ṣàdéhùn. Wọ́n ti bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀.

Bùnmi náà pè láti Ìlọrin. Ìkókó ọwọ́ rẹ̀ kò tíì pé oṣù méjì, kò lè wá. Mo ń rán aṣọ lọ́wọ́, mo fi fóònù sórí tábìlì kí ohùn rẹ̀ máa jáde. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé Dádì lọ. Ṣé ẹ gbọ́ ohùn yín ṣá? Ó ti rẹ̀ yín jù. Ẹ ò ní sọ, èmi mọ̀ yín. Tí ẹ̀yin náà bá ṣubú ńkọ́?"

Mo ní kò rẹ̀ mí. Mo ní mo lókun. Ó pa fóònù pẹ̀lú ẹkún.

Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rántí pé bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò tẹ agogo títí ilẹ̀ fi ṣú, kódà nígbà tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Júláì

Mo bi í, "Tomorrow, you stay? You go?" Ó di ojú. Ó ní, "Tomorrow."

Àbámẹ́ta, 19 Júláì

Aago mọ́kànlá ni wọ́n dé, Bàbá Ìpókíá àti dírẹ́bà, pẹ̀lú àgbàdo tuntun àti ẹ̀gẹ́. Mo ti wẹ ọkọ mi, mo ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, mo wọ dàńṣíkí fún un. Wọ́n jẹun. Lẹ́yìn náà Bàbá fa àga sún mọ́ ọn, wọ́n ní èmi ni kí n máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn.

Wọ́n bi í ohun tó jẹ láàárọ̀. Ó ní, "Pap. No sugar." Mo ní ẹ̀kọ mímu ni, kò sì sí ṣúgà nínú rẹ̀, nọ́ọ̀sì ló kọ̀ ọ́. Wọ́n bi í nípa ẹsẹ̀. Ó ní, "Better. Cold in the morning." Mo túmọ̀ rẹ̀, n kò ṣí ìwé. Bàbá wo dírẹ́bà, wọ́n ní, "Ó gbọ́ ọ, àbí?" Inú wọn dùn, mo rí i.

Wọ́n wá ní, "Ó dára. Àbúrò mi, ìwọ fúnra rẹ ni kí o sọ ọ́. Ṣé wàá dúró, àbí kí o bá mi lọ?"

Kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi ló ń wò. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ kíláàsì kọ sílẹ̀: "She is tired. She will not tell you. Let me follow you."

Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí n kò gbọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò ní sọ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èyí ló wá já sí. Mo sì rántí ọjọ́ tí òjò wọlé, tí mo fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Bí mo bá kàn túmọ̀ ohun tí mo gbọ́, mo máa sùn títí di ọ̀sán lọ́la, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá mi wí.

Bàbá ní, "Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní ẹ kú ọ̀nà. Ó ní ẹ kú ìfẹ́. Ó ní òun ò lọ síbì kankan, ibí lòun ti fẹ́ sàn."

"Not correct," ni ọkọ mi wí. Ó fi ọwọ́ òsì lu apá àga.

"Kí ló tún wí?"

"Ó ní ó dá òun lójú."

"Not correct." Ó tún lu àga.

Bàbá Ìpókíá rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi yẹ̀. Wọ́n ní, "Èyí ò tún gba ògbùfọ̀. Mo rí i pé ó dá a lójú." Wọ́n dìde, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n gbàdúrà fún un. Wọ́n ní àwọn kì í yẹ àdéhùn. Aago kan kọjá díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ wọn jáde.

Mo padà wọlé. Kò wò mí. Mo mú ìwé yìí, mo kọ ohun tó sọ sí òkè ojú ewé, mo kọ ohun tí mo túmọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo fi bírò pupa sí i lọ́wọ́. Mo ní kó máàkì í.

Ó kà á. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "You want to go?"

"No," ló wí. Omijé ti dé ojú rẹ̀. Mo tún bi í, kí n lè rí i dájú, ó tún ní, "No."

"Why, then?"

"You. Tired."

Mo fẹ́ sọ fún un bí mo ṣe sọ fún Bùnmi, pé kò rẹ̀ mí, pé mo lókun. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Yes. I am tired." Òun ni Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí mo sọ láìkọ́kọ́ wá a ní Yorùbá. Mo sì sunkún bí mo ṣe sọ ọ́, nítorí òótọ́ ni, ó sì ti pẹ́.

Ó pa ìwé dé láìkọ nǹkan kan sí i. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó nà án sí àga mi tó wà nídìí ẹ̀rọ, èyí tó wà lófìfo láti àárọ̀.

"Sit down," ló wí.

Mo wo àga náà. Mo wò ó. Láti oṣù kẹrin ló ti ń sọ ọ́, tí mo ń gbé e dìde, tí mo ń gbé e jókòó, tí mo ń wá ìrọ̀rí kiri. Kì í ṣe àga ara rẹ̀ ló ń sọ.

Aṣọ wà nínú omi, ẹ̀wà wà lórí iná, sùtánà mẹ́ta ń dúró dè mí. Mo jókòó.